Àká Ni, Kì í Ṣe Ìrántí

Àṣà kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tó ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, pàápàá láàrin àwọn olùkọ́ tó ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ohunkóhun tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti pè ní mẹ́mọ́rì, ìrántí ni wọ́n máa ń pè é. RAM di ìrántí, ROM di ìrántí, àwo tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí di ìrántí. Kódà káàdì pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ inú fóònù, ìrántí náà ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá wá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé èwo nínú àwọn ìrántí wọ̀nyí ló ń pàdánù ohun inú rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, èwo ló sì ń pa tirẹ̀ mọ́, kò ní rí èsì fọ̀. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fún ohun mẹ́rin ní orúkọ kan ṣoṣo ló jẹ̀bi.

Kò sí ibi tí àṣìṣe yìí ti ń pani lára tó ilẹ̀ tí iná mànàmáná rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó tẹ àròkọ ojú-ìwé mẹ́ta. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kọ̀ǹpútà ní ìrántí, pé kì í gbàgbé bí ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ní kí ó séèfù iṣẹ́ rẹ̀, kò rí ìdí tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣebí ìrántí ni kọ̀ǹpútà ní, kí ló tún kù tí òun yóò fi pamọ́? Iná lọ. Nígbà tí iná padà dé, kò bá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àfi bí ètò ìkọ̀wé náà bá jẹ́ irú èyí tó ń dá ìpamọ́ ṣe fúnra rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́. Orúkọ tí wọ́n fi kọ́ ọmọ náà ló bàjẹ́.

Kọ̀ǹpútà kò ní ojú kan ṣoṣo tó ń kó nǹkan sí. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé wo ìdáná ìyá tó ń se oúnjẹ tà. Iyọ̀ àti ata wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó o láì dìde. Ohun tó fẹ́ sè lọ́jọ́ náà wà nínú agbọ̀n ńlá nínú ilé ìdáná. Àgbàdo ọdún wà nínú àká lẹ́yìn ilé. Bí ibi ìkónǹkansí bá ṣe súnmọ́ ọwọ́ tó ni ó ṣe ń kéré tó, bí ó bá sì ṣe jìnnà tó ni ó ṣe ń gba nǹkan púpọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Ibi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò, tó yára púpọ̀, tó sì wọ́n púpọ̀, nítorí pé tíránsítọ̀ 6 ni bíìtì kan ṣoṣo sábà máa ń gbà níbẹ̀. Maurice Wilkes ti Cambridge kọ̀wé lórí irú ibi bẹ́ẹ̀ ní 1965, ẹrú ló sì fi orúkọ rẹ̀ pè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM kéde ẹ̀rọ tirẹ̀ tó lò ó ní 1968, cache ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ Faransé, tó túmọ̀ sí ibi tí a ń fi nǹkan pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń tijú pé Yorùbá ń yá ọ̀rọ̀ lò, kí ó fi èyí sọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí ni agbọ̀n ńlá, ìyẹn RAM, níbi tí gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́ wà. Ṣùgbọ́n agbọ̀n yìí ní àbùkù kan tí ti ìyá olóúnjẹ kò ní. Robert Dennard ti IBM ló ṣe àwárí irú èyí tí a ń lò jù lónìí ní 1966, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1968. Tíránsítọ̀ kan àti kàpásítọ̀ kan ló lò fún bíìtì kọ̀ọ̀kan. Kàpásítọ̀ náà dà bí kèrègbè kékeré tó ń jò. Bí iná bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á kà á sí 1. Bí kò bá sí, á kà á sí 0. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú kèrègbè náà kì í dúró. Nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa yípo láìsinmi, kí ó máa yẹ wọ́n wò lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì máa tún èyí tó yẹ kó kún pọn kí ó tó gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, láàrin 64 péré nínú rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti kárí gbogbo wọn. Intel 1103 tó jáde ní 1970 ní kèrègbè 1,024. Fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4 ní ohun tó ju bílíọ̀nù 34 lọ. Nígbà tí iná bá lọ, kò sí ẹni tí yóò pọn omi mọ́, gbogbo wọn á sì gbẹ. Ohun tí a gbọ́dọ̀ máa tún sọ létí rẹ̀ ju ìgbà 15 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó má baà gbàgbé, ṣé irú rẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ìrántí? Bí ènìyàn bá ní irú iyè bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ti máa wá oògùn ìsọ̀yè kiri fún un.

Ti ROM yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló ń fi ohun inú rẹ̀ sí i, bí ìgbà tí olóòlà bá kọ ilà sí ọmọ lójú. Iná lọ, iná dé, ilà kò kúrò lójú. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi àṣẹ àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà yóò kà nígbà tí a bá tàn án sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dúró bẹ́ẹ̀. Ní 1971, Dov Frohman ní ilé-iṣẹ́ Intel ṣe irú kan tó ní fèrèsé kékeré lórí, tí a lè fi ìtànṣán tí ojú kò lè rí pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí a sì tún un kọ. Ní 1984, Fujio Masuoka ti Toshiba ní Jàpáánì kéde flash, èyí tí a ń fi iná mànàmáná pa rẹ́ ní abala-abala. Flash yìí ló wà nínú fóònù gbogbo ayé lónìí, òun ló sì wà nínú káàdì pẹlẹbẹ tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Iná lọ, kò sọ nǹkan nù. Bẹ́ẹ̀ ni a sì lè kọ nǹkan tuntun sí i nígbàkúùgbà.

Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a dojú kọ àwọn tó ń sọ pé kí a fi RAM àti ROM sílẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè wọ́n, pé orúkọ náà yé gbogbo ayé, pé Yorùbá kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ó yé? Lórí ọ̀pọ̀ páálí fóònù tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n á kọ RAM 4, wọ́n á sì kọ ROM 64. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ROM sọ ni èyí tí a lè kà nìkan, tí a kò lè kọ nǹkan sí. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ẹni tó ra fóònù náà ń kó àwòrán àti orin sí 64 yẹn, tó sì ń yọ wọ́n kúrò. Bí ó bá jẹ́ ROM lóòótọ́, kò ní lè fi ẹyọ àwòrán kan pamọ́ síbẹ̀. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní ó yé gbogbo ayé ti di irọ́ lórí páálí.

RAM fúnra rẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìnagijẹ náà ń sọ ni pé ibikíbi tí a bá fẹ́ nínú rẹ̀ ni a lè lọ tààrà, láìkọ́kọ́ gba ibòmíràn kọjá. Ẹni tó bá mọ kásẹ́ẹ̀tì yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí ó tó gbọ́ orin karùn-ún, ó gbọ́dọ̀ yí téèpù kọjá lórí mẹ́rin tó ṣáájú. RAM kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ROM náà kò rí bẹ́ẹ̀! Ibikíbi tí a bá fẹ́ nínú ROM náà ni a lè lọ tààrà. Orúkọ àkọ́kọ́ ń sọ bí a ṣe ń dé ibẹ̀, ìkejì ń sọ ohun tí a lè ṣe nígbà tí a bá débẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin RAM àti ROM láti inú orúkọ wọn dà bí ẹni tó ní kí ó sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọmọ Ìjẹ̀bú àti alágbẹ̀dẹ. Ní ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tí í ṣe kókó ọ̀rọ̀, kò sí èyí tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nínú orúkọ méjèèjì. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń há ìdáhùn sórí, tó gba máàkì lónìí, tó sì sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù lọ́la nígbà tí iná bá lọ.

Àwọn kan tún wà tí wọn kò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, wọ́n á wá ọ̀rọ̀ fún lẹ́tà R, wọ́n á wá fún A, wọ́n á sì so wọ́n pọ̀ mọ́ ìrántí. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn yóò bí ìrántí àrìnàkò fún wa, bí ẹni pé kọ̀ǹpútà kàn ń ṣe kòńgẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà oko. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tú nǹkan kan. Orúkọ tó dúró nínú èdè Yorùbá ni èyí tó wo iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe: amúnáwá ń mú iná wá, amúlétutù ń mú ilé tutù, asọ̀rọ̀mágbèsì ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì. Ayárabíàṣá tí wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà pàápàá kò tó wọn. Oríkì ni ìyẹn. Ó yin ẹ̀rọ náà fún ìyára rẹ̀, kò sọ ohun tó ń ṣe.

Bí a bá wo iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ń ṣe, kò sí èyí tó ń rántí nǹkan kan nínú wọn. Ẹni tó ń rántí ní inú, ó ní iyè, ohun kan sì ń wá sí i lọ́kàn. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni ojú-ihò kéékèèké bí ilé ẹyẹlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ̀rọ á lọ sí nọ́ńbà tí wọ́n rán an, á mú ohun tó bá níbẹ̀, tàbí kí ó fi òmíràn síbẹ̀. Ibi ìkónǹkansí ni. Àká ni Yorùbá ń pe ibi tí à ń kó irè oko sí, tí à ń lọ mú un níbẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ lò ó.

Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n àwọn ará oko nìyí, kí ó gbọ́ ìtàn. Nígbà tí Charles Babbage ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya àwòrán ẹ̀rọ ìṣirò ńlá rẹ̀ ní nǹkan bí 1837, ọ̀nà méjì ló pín in sí. Apá tó ń ṣe ìṣirò ni ó pè ní ọlọ. Apá tí à ń kó nọ́ńbà sí ni ó pè ní ilé ìkẹ́rùsí. Ọlọ àti àká! Nígbà tí Freddie Williams àti Tom Kilburn ní Manchester mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹfà 1948 pẹ̀lú àṣẹ tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí náà ni wọ́n ń pe apá yìí. John von Neumann ní Amẹ́ríkà ló gbé mẹ́mọ́rì lárugẹ nínú ìwé tó kọ ní 1945, níbi tó ti ń fi ẹ̀yà ẹ̀rọ wé iṣan ọpọlọ ènìyàn. Àfiwé ni. Àfiwé yìí ló borí lẹ́nu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, àwa sì gbé e bí ẹni tó gbé òfin. Àwọn ará Jámánì kò gbé e. Speicher ni wọ́n ń pè é títí di òní, ọ̀rọ̀ tó ti inú Látìn wá, tó sì jẹ́ àká ọkà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. RAM lọ́dọ̀ wọn ni Arbeitsspeicher, ìyẹn àká iṣẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé èdè wọn kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Nítorí náà, kí a pe gbogbo wọn ní àká, kí a sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra fún ìdánwò Yorùbá ló mọ mọ́fíìmù adádúró àti mọ́fíìmù afarahẹ. Èyí tó lè dá dúró, adádúró ni. Èyí tí kò lè dúró láìfara hẹ òmíràn, afarahẹ ni. Àká tí ohun inú rẹ̀ kì í lọ nígbà tí iná bá lọ, àká adádúró ni. Èyí tó ń fara hẹ iná, àká afarahẹ ni. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ní 1990, orí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni wọ́n dúró lé. Kò sí òfin tó ní kí ọ̀rọ̀ tí a ti dá fún gírámà má jáde kúrò nínú gírámà.

Ẹnìkan lè fẹ́ kí a pe RAM ní àká afarahẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò lè parí síbẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1950 títí wọ inú àwọn ọdún 1970, òrùka irin kéékèèké tí a fi wáyà so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò ní ipò tí RAM wà lónìí. Bí iná bá lọ, ohun inú òrùka náà kì í lọ. Àká iṣẹ́ ni, síbẹ̀ adádúró ni. Ipò nínú iṣẹ́ jẹ́ ọ̀tọ̀, ìwà nígbà tí iná bá lọ jẹ́ ọ̀tọ̀, olùkọ́ kò sì gbọ́dọ̀ pa méjèèjì pọ̀. RAM òde òní jẹ́ àká iṣẹ́ tó jẹ́ afarahẹ. Àwo jẹ́ àká ìpamọ́ tó jẹ́ adádúró. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti 1956 tí IBM ti gbé ẹ̀rọ aláwo 50 jáde, tó gba lẹ́tà mílíọ̀nù 5. Flash náà jẹ́ àká ìpamọ́ adádúró. ROM àtijọ́ jẹ́ àká àkàìkọ, nítorí pé kíkà nìkan ni.

Àwọn kan fẹ́ kí a fi ọpọ́n Ifá ṣe orúkọ àká iṣẹ́, nítorí pé babaláwo á tẹ odù sórí ìyẹ̀ròsùn, á kà á, á sì pa á rẹ́ kí ó tó tẹ òmíràn. Àfiwé náà péye púpọ̀, ó sì dùn láti fi ṣàlàyé ní kíláàsì. Wàláà tí ọmọ kéwú ń kọ, tó sì ń fọ̀, péye bákan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi èyíkéyìí nínú wọn jẹ́ orúkọ, ìjà ẹ̀sìn ni a ó jà lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn ní ọmọ ìlú ńlá kò rí àká rí. Ọmọ mélòó ní Berlin ló ti wọ inú àká ọkà rí?

Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn láàrin àwọn olólùfẹ́ èdè. Ariwo kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pariwo pé Yorùbá lè gbé sáyẹ́ǹsì, tó sì wọ kíláàsì lọ pe ohun mẹ́rin ní ìrántí, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí fún àwọn tó wọ́gi lé e.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ ní Nàìjíríà nìkan. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ń kọ́ RAM àti ROM. Ọmọ Pọ́bẹ̀ tó wà ní ìhà kejì ààlà, ní ilẹ̀ Benin, ń kọ́ mémoire vive àti mémoire morte, ìrántí tó wà láàyè àti ìrántí tó ti kú. Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń sọ nílé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé níbi ìyàwó tí wọ́n sì fẹ́ sọ ohun tí wọ́n kọ́, ọ̀kan á máa ka lẹ́tà, èkejì á máa sọ ti òkú àti alààyè. Bí olùkọ́ ìhà méjèèjì bá pè é ní àká iṣẹ́, tí wọ́n sì ní afarahẹ ni, àwọn ọmọ náà yóò mọ̀ pé ohun kan náà ni iná gbà lọ́wọ́ àwọn.